Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìkàwé Ìlú Wa: Ẹ Má Ta Àwọn Ìwé Tí A Fẹ́ràn ní Kílò

Ẹ̀yin àgbà wa, Alága ìgbìmọ̀ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣàkóso ilé-ìkàwé ìlú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ìkéde tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo bá wá. Ẹ ní ìwé ìtàn ìlú, ìtàn ìgbésí ayé, ìwé àṣà, ìwé oríkì àti ìwé ewé òun egbò tí ẹnikẹ́ni kò yá lọ sílé láti ọdún márùn-ún wá, ẹ ó kó gbogbo wọn kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ ní àwọn tó ń ra pépà àlòkù yóò wá wọ̀n wọ́n ní kílò. Àyè tí wọ́n bá fi sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ẹ ó tò sí i fún àwọn ọmọ tó ń múra JAMB sílẹ̀. Ìtàn àròsọ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò kàn, torí pé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, òun ni aráàlú ń yá. Rẹ́jísítà ìyáwèé ni ẹ pè ní ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí yẹn kò sí níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta nìyẹn, dípò kí n jù ú sínú àpótí àbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì yín, èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù tipẹ́.

1. Ẹ̀yin lẹ ní kí á má yá wọn.

Ẹ dìde lọ sí pẹpẹ tó wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ fáànù tí kò yí mọ́. Ẹ fa ìwé kan yọ, èyíkéyìí, kí ẹ ṣí i. Òǹtẹ̀ pupa wà ní ojú-ewé àkọ́kọ́ pé a kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ìgbìmọ̀ tó ṣáájú yín ló ṣe òfin náà, n kò sì bá wọn jà: ẹyọ kan ṣoṣo ni ilé-ìkàwé ní nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí, àwọn mìíràn kò sì sí lọ́jà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, yóò gba ìwé, yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì kà á, yóò dá a padà, yóò gba káàdì rẹ̀. Ó tán. Akọ̀wé kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí pé ẹ kò fún un ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Rẹ́jísítà tí ẹ gbé wá sí ìpàdé, ti àwọn ìwé tó ń lọ sílé ni.

Ẹ fòfin de ìwé pé kò gbọdọ̀ jáde, ẹ tún wá ń bá a wí pé kò rìn. Ta ni yóò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí, ara ìwé ni kí ẹ wò. Ẹ wo *The History of the Yorubas* tí Samuel Johnson, àlùfáà ọmọ Yorùbá, kọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti gba sẹ́lótéèpù lórí sẹ́lótéèpù, èyí tó wà lókè kò bá ti ìsàlẹ̀ mu, ibi tó ti ń sọ ìtàn ogun sì ti dúdú létí nítorí ìka ọwọ́ èèyàn. Ẹ wo *Àwọn Oríkì Orílẹ̀* ti Adébóyè Babalọlá. Ojú-ewé mélòó kan ti kúrò níbẹ̀, abẹ ni ẹnìkan fi gé wọn. Ìwà burúkú ni onítọ̀hún hù, n kò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò rí ẹni tó fi abẹ gé ohunkóhun nínú àwọn ìròyìn ọdọọdún ìjọba tó kún pẹpẹ kejì fọ́fọ́, èyí tí ìkéde yín kò fọwọ́ kàn.

2. Ọ̀kan nínú yín béèrè ní ìpàdé ìta gbangba pé ta ló ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá sí ìdánwò. Ó béèrè, kò dúró gbèsì. Èsì rẹ̀ rèé.

Àwa òǹkàwé kan wà tí a máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ìkàwé yín. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, a bi ara wa léèrè: ìwé wo, nínú èyí tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, ni o kò ní lè fọwọ́ ara rẹ kó fún onípépà, kí ló sì dé tí o fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? A fi òfin kan sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn pé "ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́". Irú èsì bẹ́ẹ̀, olùkọ́ la fi ń tàn jẹ.

Bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ti Johnson ni tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà le, ojú-ewé rẹ̀ ju 600 lọ, bàbá kò sì kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ìlú tí òun fi gbogbo ayé òun wakọ̀ gbà kọjá ni òun ń bá pàdé níbẹ̀: Ìjàyè, Ìkìrun, Ọ̀fà, Ìgbájọ. Ó ní òun ti dúró jẹ iyán ní Ìkìrun láìmọye ìgbà, òun kò mọ̀ pé agbègbè ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní 1878, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá kú sínú odò Ọ̀tìn. Ohun tó tún mú un ni pé ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tú ká títí di 1893. Johnson wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín àwọn ibùdó ogun. Òun àti Charles Phillips ni gómìnà Èkó rán ní 1886. Ó bá àwọn balógun jókòó, ó gbọ́ ohùn wọn, ó rí bí ojú wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ tú ibùdó. Ìtàn àwọn ọba àtijọ́, ẹnu àwọn arókin, òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ló ti gbà á.

Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tó wà nínú wa kì í jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ dópin. Wọ́n ní ti Ọ̀yọ́ ni Johnson ń gbè. Òótọ́ wà níbẹ̀. A sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé Sátidé tí wọ́n bá ṣí ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó ń sùn.

Obìnrin onídìrí kan mú *Àwọn Oríkì Orílẹ̀*, tó jáde ní 1967. Ọmọ Ọ̀fà ni, àwọn ará Ìkòyí ló fẹ́ sí. Ó ní nígbà tí òun dé ilé ọkọ, àwọn ìyàwó àgbà máa ń ki ọmọ ilé láàárọ̀, òun a sì dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà nìkan ni òun mọ̀, ìyẹn kò sì kan ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ó wá síbí, ó jókòó, ó fi bírò da oríkì Oníkòyí kọ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ sórí. Nígbà tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ nínú ẹbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá ọkọ rẹ̀ ní ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ó kì í títí, ni àwọn èèyàn bá ń ná an lówó. Mo bi í pé ṣé owó ló jẹ́ kó fẹ́ràn ìwé náà. Ó ní owó wà níbẹ̀, òun kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ òun kò ti pe òun ní "ìyàwó yìí" mọ́. Ojú-ewé Oníkòyí wà lára èyí tí wọ́n fi abẹ gé. Bí ẹ bá fẹ́ kà á nínú ìlú yìí lónìí, ẹ̀yìn ìwé àṣetiléwá ọmọ yẹn ni kí ẹ lọ wò.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 mú *Aké*. Kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1981, bí kò ṣe èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ di Yorùbá, *Aké: Ní Ìgbà Èwe*. Ìyá ìyá rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì bí i sí. Ọmọ á ka orí kan níbí lẹ́yìn ilé-ìwé, á sáré lọ sọ ọ́ fún ìyá àgbà kó tó gbàgbé, torí pé òǹtẹ̀ yín kò jẹ́ kó gbé ìwé lọ. Ìyá àgbà á ní, "Irọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde sí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, ọ̀rọ̀ tó mú kí Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ìyá àgbà ní ìyá òun wà nínú àwọn tó sùn sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ọmọ náà ti ra nóòtù, ó ń kọ ti ìyá àgbà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn ní ìpàdé sọ fún wa pé ìdánwò wo ni ìyẹn.

Lékùlẹ́jà kan wà láàárín wa. Ìwé tirẹ̀ ni *Ewé*, tí Pierre Verger kọ. Ọmọ Faransé ni Verger, 1902 ni wọ́n bí i. Ó tẹ̀dó sí Bahia ní Brazil, ó wá gba Ifá ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ní 1953, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Fátúmbí. Ní 1995 ni ìwé náà jáde. Oògùn ewé tó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo lé ní 2,000. 447 ló tẹ̀ sínú ìwé, ní èdè Yorùbá, tòun ti ọfọ̀ wọn. Lékùlẹ́jà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń bá a jà. Ó máa ń ṣí i, á mi orí, á ní, "Wọ́n fi ewé kan pamọ́ fún òyìnbó níbí." Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i tó dákẹ́ pẹ́ lórí ojú-ewé kan, tó sì béèrè fún bírò. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ gún nǹkan mu látinú rẹ̀ o. Dókítà ṣì wà ní ilé ìwòsàn.)

Tèmi ni *A Mouth Sweeter Than Salt*, ìtàn ìgbà èwe tí Tóyìn Fálọlá gbé jáde ní 2004. Ìbàdàn ló dàgbà sí. Ó sọ bí òun, ọmọ kékeré, ṣe wọ ọkọ̀ ojúurin láì sọ fún ẹnikẹ́ni, tó di Ìlọrin. Mo ti ka ibẹ̀ débi pé mo mọ ibi tí èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ọ̀mọ̀wé ni ẹni tó kọ ọ́, àwọn ìwé rẹ̀ yòókù kún fún ẹ̀rí àti àríwísí, ṣùgbọ́n níbí yìí ó jẹ́ kí àdúgbò sọ̀rọ̀: àwọn olórogún, àwọn tó ń fi òwe gún ara wọn lára, àti Ìyá Lékùlẹ́jà, arúgbó tó ń ta egbò tí gbogbo ọmọdé ń bẹ̀rù. Ìtàn àròsọ lè ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kà á, tí mo rántí pé obìnrin yẹn gbé ayé lóòótọ́, pé ó ní ilé, pé ẹnìkan lè fọwọ́ tọ́ka sí àdúgbò rẹ̀, ara mi kì í gba á bó ṣe ń gba ìtàn àròsọ. N kò mọ bí n ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn yòókù kò gùn. Ẹnìkan mú *Awo*, ìtàn ìgbésí ayé tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1960, nítorí iṣẹ́ ọlọ́kan-ò-jọ̀kan tó ṣe kó tó rí owó kàwé. Ẹlòmíràn mú *Ìrìnàjò* tí Fágúnwà gbé jáde ní 1949. Gbogbo ayé mọ Fágúnwà mọ́ ọdẹ àti iwin. Díẹ̀ ló mọ̀ pé ó kọ ìwé lórí ìrìnàjò òun fúnra rẹ̀ sí ìlú Òyìnbó. Ẹ̀yin náà kò mọ̀, torí pé abẹ́ ìtàn àròsọ ni ẹ kọ ọ́ sí nínú àkọsílẹ̀ yín. Àṣìṣe yẹn nìkan ló gbà á lọ́wọ́ onípépà.

3. Ìwé Johnson ti sọnù rí, ọ́fíìsì ló sì sọ ọ́ nù.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde pé ìwé tó bá ṣe pàtàkì kò lè parun, pé yóò wà níbòmíràn. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901 láì fojú kan ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà ní Èkó, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Oṣù kìíní 1916 ló fi í sínú ọkọ̀ òkun Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Ìgbà tó fi máa dé, ogun ti sọ pépà di ọ̀wọ́n gógó. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé jáde.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Èyí tí àwọn Jámánì gbé lọ nígbà ogun padà dé. Èyí tó wọ inú ọ́fíìsì nígbà àlàáfíà, tí àwọn míṣọ́nnárì àti òǹtẹ̀wé gbà lọ́wọ́ ara wọn, títí di òní, kò jáde. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bóyá ẹnìkan kàn nílò àyè lórí tábìlì rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá sọ pé Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ní Àbújá yóò ní ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ rántí pé òfin 1970 ló pàṣẹ kí àwọn òǹtẹ̀wé máa fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ síbẹ̀. *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn* tí I. B. Akínyẹlé kọ ní Yorùbá jáde ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ti Johnson tó rí ojú ayé, ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣáájú kí Akínyẹlé fúnra rẹ̀ tó di Olúbàdàn ní 1955. Ìwé náà ti jáde tipẹ́ kí òfin 1970 tó dé. Ó wà lórí pẹpẹ yín, ó wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ tà. Ǹjẹ́ ẹ ti tẹ Àbújá láago kí ẹ tó kọ ìkéde?

4. Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbà yín.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ sọ fún wa pé gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Johnson wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni, mo ti rí i. Àwọn yòókù ńkọ́? Òfin àṣẹ-òǹkọ̀wé ti 2022 sọ pé ìwé wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tó kọ ọ́ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963: ìparí 2033 nìyẹn. Babalọlá kú ní 2008. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ SS2 tí mo sọ yẹn kò ní lè rí *Àwọn Oríkì Orílẹ̀* lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà tó bófin mu títí tí yóò fi di ìyá àgbà tirẹ̀. Kí á tó wá sọ ti owó dátà, àti ti bàbá awakọ̀ tí ojú rẹ̀ kò gba fóònù.

5. A kò bá kọ̀ǹpútà jà.

Mo fẹ́ kí èyí yé àwọn òbí tó ń ka lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ wa nílò ibi tí wọn yóò ti máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò, àwọn tí kò ní in nílé ló sì nílò rẹ̀ jù. Àyè ló kù. Gbọ̀ngàn òkè tóbi ju gbọ̀ngàn ìkàwé lọ. Iná wà níbẹ̀, fáànù ibẹ̀ ń yí. Òun ni ẹ ń háyà fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àti ìpàdé ẹgbẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, a sì ti béèrè ibi tí owó rẹ̀ ń lọ, ẹ kò dá wa lóhùn. Yàrá kan tún wà lẹ́yìn ọ́fíìsì tó kún fún àga tó ti kán àti jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti kílò, àwọn onírin àlòkù máa ń ra jẹnẹrétọ̀, owó rẹ̀ yóò sì ju ti pépà lọ dáadáa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìwé lẹ kọ́kọ́ ronú kàn?

6. Ohun tí a ń béèrè.

Ìkínní, kí ẹ dá títà náà dúró nísinsìnyí, kí ẹ sì fi ìkéde mìíràn lẹ̀ mọ́ ojú ibi kan náà tí ẹ lẹ èyí mọ́.

Ìkejì, kí ẹ gbé orúkọ gbogbo ìwé tí ẹ fẹ́ kó kúrò síta. Nǹkan ìlú ni. Títí di báyìí, ojú ni a fi ń wo pẹpẹ tí a fi ń mọ èyí tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí lẹ́yìn.

Ìkẹta, kí ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan sórí tábìlì akọ̀wé. Kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnìkan bá gba ìwé olóǹtẹ̀ pupa kà nínú gbọ̀ngàn: orúkọ ìwé àti ọjọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìwé kan bá wà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rárá, a ó jókòó bá yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, n kò sì ní pariwo. Bí owó ìwé àkọsílẹ̀ bá ni ìṣòro, àwa òǹkàwé Sátidé yóò rà á.

Ìkẹrin, kí ẹ ra ẹ̀dà mìíràn fún èyí tó ṣì wà lọ́jà, *Aké: Ní Ìgbà Èwe* ṣáájú, kí ẹ má sì lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ ọn, kí àwọn ọmọ lè máa gbé e lọ sílé. Ìgbà yẹn ni rẹ́jísítà yín yóò tó rí nǹkan sọ.

Ìkarùn-ún, èyí tí wọ́n gé tàbí tó ń ya, kí ẹ wá ilé-ìkàwé yunifásítì tó ní odidi ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ ṣe ẹ̀dà ojú-ewé tó sọnù kí ẹ sì di ìwé náà padà. Òfin 2022 kan náà yẹn fún ilé-ìkàwé láyè láti ṣe ẹ̀dà nítorí ìtọ́jú àti ìpamọ́. Oníṣẹ́ ìwé dídì kan wà lẹ́yìn ọjà. Ó ti ní òun yóò gba owó kékeré.

Ìkẹfà, kí ẹ mú *Ìrìnàjò* kúrò lábẹ́ ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìkínní, kí a má baà fi ọwọ́ ara wa gbé e fún onípépà.

Mo gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ ra pépà ti san àsansílẹ̀. Ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un. A ó wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, bàbá awakọ̀, onídìrí, ọmọ SS2 àti ìyá ìyá rẹ̀, gbogbo wa. Ẹ tọ́jú àga sílẹ̀, ẹ sì fún wa láyè láti sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dìbò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé àwọn òǹkàwé Sátidé